Ògbufọ̀ Nọ́ńbà

Ní Oulu, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá
ti ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
Hilppa gbé kọfí ka orí tábìlì,
ó ń wá orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé àṣẹ ẹ̀rọ.
Ibi mọ́kànlélógójì ló ti bá a.

Ohun gbogbo tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ní ilẹ̀kùn tó ń kàn:
díìsìkì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
kíbọọ̀dù tí kò mọ àkókò:
"Àgò o!"
Ẹ̀rọ á pa iṣẹ́ ọwọ́ tì, á ní "Àgò yà,"
á gbọ́ tẹnu wọn.
Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà.

Láyé Armas, nọ́ńbà ọ̀hún kò ṣeé kà lẹ́ẹ̀kan.
Ẹ̀rọ ràgàjì tó wà ní àjà ilẹ̀
a máa fi nọ́ńbà pa àlọ́.
Armas bá kọ ògbufọ̀ kan,
ó ní kí gbogbo dírẹ́bà,
àwọn dírẹ́bà tí kì í wa ọkọ̀,
máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dárúkọ ilẹ̀kùn.

Wọ́n gbọ́. Wọ́n gbọ́ títí àlọ́ fi tán.
Nọ́ńbà ti di nọ́ńbà lásán,
síbẹ̀ wọ́n ṣì ń mú mẹ́rìnlá lọ bá ògbufọ̀,
ògbufọ̀ á wò ó sùn-ùn,
á ní, "Mẹ́rìnlá ni."

Hilppa pa á rẹ́ níbí, ó pa á rẹ́ lọ́hùn-ún.
Ibi kẹtàdínlógún ló ti rí ọ̀rọ̀ tí baba náà fi sílẹ̀:
"Má yọ èyí. Mo mọ ìdí."
Kò sọ ìdí.

Ó pe Armas lórí fóònù.
Baba ń dẹ ẹja nínú ihò orí omi dídì, nítòsí Kemi;
atẹ́gùn ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.
"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?
Mo rò pé ẹ ti yọ ọ́ nígbà tí ìyá Seija wà láyé."
"Ìdí wo lẹ mọ̀ nígbà náà?"
"Mo ti gbàgbé. Ìdí gidi ni, ṣá."
Lẹ́yìn náà ó ní: "Ìlà mélòó ni?"
"Mẹ́sàn-án."
Ó dákẹ́. Ohun kan fa okùn ẹja, ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀.
"Mẹ́sàn-án péré?
Mo rò pé ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kọfí ti tutù. Hilppa tẹ bọ́tìnnì kan.
Àgò o.
Mẹ́rìnlá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé mẹ́rìnlá lòun.