Àbọ̀ Gbólóhùn

Èdè Japan tí mo kọ́kọ́ gbọ́, ẹnu ọ̀gá Nezu ni mo ti gbọ́ ọ,
nílé iṣẹ́ tí a ti ń di oúnjẹ sínú páálí lóru:
Yára! Gbé e! Dúró! Má fọwọ́ kàn án!
Ọ̀rọ̀ kúkúrú, bí ẹni ń gé èékánná.
N ò mọ̀ pé èdè náà ní ohùn mìíràn.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí orúnkún ìyá àgbà Hisano ń gbọ̀n
níwájú bẹ́líìtì tí ń gbé ìrẹsì kọjá,
àánú rẹ̀ ṣe mí, mo la ẹnu, mo ní:
"Jókòó!"
Ó ta gìrì. Ó tẹríba. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi,
èmi tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ fi ọdún mẹ́jọ jù lọ.
Ojú tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ̀ngàn àdúgbò,
níbi tí òórùn kẹrosíìnì ti ń jáde lára sítóòfù,
Olùkọ́ Kuwabara kọ ọ́ sára pátákó:
nomimasẹn ka.
Ó ní, "Dilmaya, wò ó dáadáa. 'Ẹ ò ní mu ún bí?'
O ti bá ẹni náà gbé 'rárá' kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà;
bó bá wù ú, kó kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó máa lọ."
Thiago, ará Brazil tó ń kun ọkọ̀, béèrè:
"Bí mo bá ti mọ̀ pé ó fẹ́ ńkọ́?"
"Nígbà yẹn, nomimaṣo. Ẹ jẹ́ ká mu ún.
Ṣùgbọ́n ta ló ń mọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó nu pátákó.
Ó nu ún ju bó ti yẹ lọ.

Mo há a sórí lórí kẹ̀kẹ́, mo há a sórí nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ:
Ikimasẹn ka. Tabemasẹn ka. Yasumimasẹn ka.
Ẹ ò ní lọ bí? Ẹ ò ní jẹun bí? Ẹ ò ní sinmi bí?
Nílé wa ní Nepal, ìyá mi kì í béèrè;
á máa bu oúnjẹ lé e ni, ìwọ ni wàá fọwọ́ bo àwo.

Ní aago mẹ́ta òru, mo gbé tíì gbígbóná tọ Hisano lọ.
"Nomimasẹn ka?" Ohùn mi rọ̀ bí òwú.
Ó wo kọ́ọ̀pù. Ó wo aago ara ògiri. Ó ní, "Ṣótò…"
Díẹ̀. Díẹ̀ kí ni? Mo dúró de ìyókù.
Páálí mọ́kànlá kọjá láìní ìdérí.
Tíì tutù. Nezu pariwo.

Mo bi Olùkọ́: "Kí ló ń tẹ̀lé ṣótò?"
"Kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ló parí sí.
Àbọ̀ ló fún ọ, kí odindi má baà dùn ọ́."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo tò àmì mẹ́ta tì í,
mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ó ṣì ń bọ̀.

N ò bínú. Àmọ́ n ò gbé tíì mọ́.

Oṣù Kejì. Òjò àti yìnyín dàpọ̀ níbùdókọ̀.
Hisano dúró tì mí, agboòrùn kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ń wo títì nígbà tó sọ ọ́:
bí òun bá mu tíì, ìtọ̀ á gbọn òun,
Nezu sì ń ka iye ìgbà tí èèyàn jáde.
Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé:
"Íṣọ ni kaerimasẹn ka?"
Ẹ ò ní jẹ́ ká jọ lọ sílé bí?
Gbogbo ohun tí mo kọ́ fò lọ.
Mo mọ̀ pé kaerimaṣo ló kàn, mo mọ̀ ọ́n,
àmọ́ ti Nezu ló jáde lẹ́nu mi:
"Yára!"
Ó wò mí. Ẹ̀rín bú jáde lára rẹ̀
débi pé agboòrùn yí dànù,
òjò sì pa àwa méjèèjì.