Ṣòkòtò Àgbàbọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa tíráàmù ní Liepája,
ìlà kan ṣoṣo, àlọ àti àbọ̀,
tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbá ilẹ̀kùn bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.
N kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà.
Skaidrīte ló mọ̀ ọ́n.
Tirẹ̀ funfun, ó ní àmì ápù tí ẹnìkan ti gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
òun ló fi ń gba ohùn àwọn ọmọ tó ń kọ́ lórin
fún ọdún méjìdínlógún.

Èmi ni mo da tíì sí i, lóṣù kejì tí a sin ín.
Ẹ̀rọ kú. Ohun tó wà níkùn rẹ̀ kò kú:
Ritvars, ọmọ tó ń tún nǹkan ṣe nísàlẹ̀ ilé wa,
yọ ọ́ jáde bí egungun ẹja.
Ó ní, "Bàbá, gbogbo rẹ̀ pé,
ṣùgbọ́n ilé ápù nìkan ni yóò ti ṣí."
Mo béèrè iye tí ilé ápù tuntun ń lọ.
Ó sọ ọ́.
Mo dé fìlà mi.

Lenovo kan wà nílé, dúdú, ó wúwo bí bíríkì,
iléeṣẹ́ tíráàmù ló tà á fún wa ní gbàǹjo.
Ritvars yí i po bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin.
"Kì í ṣe ẹ̀rọ la ó tàn," ló wí,
"ètò ápù la ó tàn.
A ó sọ fún un pé ilé bàbá rẹ̀ ló wà."

Fíláàṣì kan tí kò tó àtàǹpàkò mi.
Orúkọ èké, nọ́mbà èké,
ìwé ìrìnnà fún ohun tí kò ní í kúrò lórí tábìlì.
Lóru àkọ́kọ́, lẹ́tà funfun ń sáré kọjá
bí yìnyín níwájú iná tíráàmù,
ó sì dúró gbọnyin.
Lóru kejì, ó dúró síbi tó dúró sí lánàá.
Ritvars pa lẹ́tà mẹ́rin rẹ́, ó fi méjì rọ́pò,
ó mu kọfí mi tán, ó lọ sùn.
Lóru karùn-ún, ápù yọ.
Ápù! Lójú Lenovo!
Mo rẹ́rìn-ín títí Velga ará òkè fi gìgísẹ̀ gbá àjà.

Àgbà ti wí tẹ́lẹ̀: ṣòkòtò àgbàbọ̀,
bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni.
Ó fún un. Ó tún ṣo ó.
Íńtánẹ́ẹ̀tì kò wọlé àfi láti ojú wáyà.
Bó bá sùn, kì í jí.
Bátìrì á ní ọgọ́rùn-ún lòun ṣì jẹ́, á kú lójú ẹsẹ̀,
bí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ara òun le.
Fáìlì Skaidrīte ṣí, ìgbì ohùn aláwọ̀ ewé, òkè, ìsàlẹ̀.
Mo ń rí orin.
N kò gbọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wo ọmọ ogójì tó ń kọrin láìlóhùn.
Mo mọ ibi tí wọ́n ti mí.
Mo mọ ibi tí ẹnìkan ti húkọ́,
ìgbì kan tó dá dúró gogoro bí òpó iná.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ritvars dé, yìnyín léjìká rẹ̀,
ó yí nọ́mbà kan, mọ́kànlá di mẹ́tàlá.
Nǹkan kan ta pó.
Sípíkà apá òsì jí. Apá òsì nìkan.
Kì í ṣe ọmọ kankan ló kọ́kọ́ fọhùn:
"Ẹ dúró. Ẹ dúró ná. Ta ló ń jẹ súìtì?"
Ẹ̀rín. Ìwé tó ń ṣí pẹrẹpẹrẹ.
"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Ritvars kìlọ̀ pé ètò tuntun yóò dé, yóò bẹ̀ mí pé kí n gbà á;
tí mo bá gbà á, ilé yóò wó.
Mo ti lẹ bébà mọ́ etí ẹ̀rọ: RÁRÁ.
N kì í jẹ́ kó sùn.
Bí mo bá jí mu omi lóru, mo máa ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.
Ó máa ń gbóná bí aláìsàn ibà.
Mo ṣí fèrèsé díẹ̀ fún un.