Aago Mẹ́jọ Ni

Alẹ́ Sátidé ni mo máa ń gbá ilé náà,
ilé tí kò ní òrùlé, tí kò mọ ìgbálẹ̀,
tí Akínlolú kọ́ fún ìjọ wa kó tó lọ sí Kánádà.
Ẹ̀yìn ìwé orin mi ló kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí:
lẹ́tà àti nọ́ńbà, mẹ́rìndínlógún.
Orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko, mi ò ṣí i.
A kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ sí Òkè-Ìtùnú,
a fa ìsìn láti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ,
a sin Alùfáà Olúgbódi, a jẹun òkú, a palẹ̀ mọ́.
Ṣé ẹ rí orí ayélujára?
Mọ́kọ́lá la ṣì wà níbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni.
Alùfáà ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ máa bọ̀, mò ń retí yín.”

Obìnrin kan ti Ìgbòho gbé ọmọ wá sí UCH.
Ó fi fóònù wá ilé àdúrà tó súnmọ́ tòsí,
ó rí wa.
Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ló dé Mọ́kọ́lá,
ó bá táyà, ó bá jáàkì,
ó bá fọgánáísà tó háyà gbọ̀ngàn wa.
Fọgánáísà yẹn ló gbé e wá lórí ọ̀kadà.
Oore-ọ̀fẹ́ la ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó wọlé.

Ó na fóònù sí mi bí ẹni tó ń na rìsíìtì:
“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí.”
Ó wá fi ìka kan àwòrán náà,
“Bàbá yìí ni mo fẹ́ kó gbàdúrà fọ́mọ mi.”

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò jáde.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ Wẹ́sídeè.
Bàbá Ìjọ fẹ́ àwòrán òrùlé tuntun, kó tóbi, kó máa dán.
Arákùnrin Fájuyìgbé fẹ́ kí ìràwọ̀ máa já bọ́.
Akápò ní kí nọ́ńbà àkáǹtì ṣáájú ohun gbogbo.
Mo ní, ẹni tó ń sáré bọ̀ láti wọ́ọ̀dù ọmọdé,
tí dátà rẹ̀ ti fẹ́ tán,
òrùlé yín á jẹ ìyókù bí ikán.
Ta ló wá wo páànù?
Ẹ jẹ́ ká sọ aago. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀nà.
Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà wà tí èèyàn á pè, tí èèyàn á gbé.
Bàbá Ìjọ ní mo ti ń le jù.

Mo kọ ọ́ báyìí:
Bọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta bulọ́ọ̀kù,
ya sọ́wọ́ òsì, gun òkè díẹ̀.
Bí o bá gbọ́ ẹ̀rọ ata, o ti kọjá wa. Padà.

Ìwé Mímọ́ ní orúkọ rere sàn ju ọ̀pọ̀ ọrọ̀ lọ.
Kò sọ pé ọdọọdún la ó máa ra tiwa,
ní oṣù kẹwàá, kí ọjọ́ tó pé.
Ìjọ kan ní Odò-Ọnà gbàgbé;
tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta lórúkọ wọn báyìí.
Nítorí náà, mo dá owó orúkọ pamọ́ sínú agolo mílíìkì,
akápò ò mọ̀ ọ́n.

Mi ò pa àwòrán Alùfáà rẹ́.
Mo gbé e sẹ́yìn, sójú-ewé ìrántí,
mo kọ ọjọ́ tó fi ayé sílẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Obìnrin Ìgbòho kò padà wá.
Mi ò gba nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò mọ bí ọmọ ṣe ṣe.

Tèmi ló wà lórí ayélujára.
NEPA ìbáà mú iná láti Jímọ̀,
fóònù mi kì í kú lálẹ́ Sátidé.
Lánàá, ó dún ní mọ́kànlá kọjá,
ohùn ọkùnrin, bíi pé orí àtẹ̀gùn ló wà:
“Ẹ má bínú o. Ṣé mẹ́jọ yẹn dájú?”
Mo dìde jókòó.
“Ó dájú. Níbo lẹ wà báyìí?”