Abẹ́rẹ́ Tó Sùn

Ọdún mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ mítà fi sùn sórí òdo,
tí ọkọ̀ sì ń rìn.
Mo kó gẹdú láti igbó Ọmọ wọ Ìjẹ̀bú-Igbó,
òdo.
Mo sáré níwájú òjò, mo rì sẹ́rẹ̀, mo yọ,
òdo náà ni.
Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní
a ò kúrò lójú kan.

Mi ò bá a jà. Etí ni mo fi ń ka eré.
Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn bí oyin inú àgbá, ogójì nìyẹn.
Bí dígí ẹ̀gbẹ́ bá ń gbọ̀n, ọgọ́ta ti ń kanlẹ̀kùn.
Bí tíì bá dà sí mi nítan,
ta ló tún ń wá nọ́ńbà?

Ṣùgbọ́n Káṣìmawò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò gba ọkọ̀ lóṣù tó ń bọ̀,
etí rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ èdè oyin.
Ìdí nìyí tí mo fi wà á lọ sábẹ́ páànù Òṣífẹ̀sọ̀ l'Átíkorí.

Kò fọwọ́ kan súpánà. Ó bi mí bí ẹni ń bi ará ilé aláìsàn:
"Kó tó kú, ṣé ó gbọ̀n?"
Ó gbọ̀n. Ó ń fò láti ogún bọ́ sí ọgọ́rin bí ẹni ibà ń ṣe,
ó sì ń han bí eku tí wọ́n há mọ́ àpótí.
"Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn ńkọ́?"
Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dákẹ́.
"Bí méjèèjì bá dákẹ́ pọ̀, má tíì bú mítà.
Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Múìbátù ọmọ iṣẹ́ ló nawọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù,
ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ibi tí tèmi ò lè wọ̀.
Ó tú kébù, ó ki ìṣó onígun mẹ́rin bọ ìdí mítà,
ó yí i pẹ́ẹ́:
abẹ́rẹ́ ta gìrì, ó padà sùn.
Alààyè ni.

Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fi í sí jíà kìíní,
táyà ń yí nínú afẹ́fẹ́. A tẹjú mọ́ ẹnu kébù.
Kò mira.
Múìbátù fa wáyà inú rẹ̀. Ó yẹ kó gùn jù ú lọ;
ìdajì ló jáde, ẹnu rẹ̀ tú bí irun àgbàdo.
Ìdajì kejì ń bẹ nídìí gíábọ́ọ̀sì,
níbi tí ẹnìkan ti so kébù mọ́ páìpù èéfín,
tó ká a bí ìgbọ̀nwọ́.
Òṣífẹ̀sọ̀ wò mí. "Ta ló so èyí?"
Mo wojú ọ̀run. Òjò ò ṣú.

Lára òkú lọ́rì kan tí koríko ti bò lẹ́yìn ilé
ni wọ́n ti yọ òmíràn. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún gbẹ.
"Gírísì díẹ̀, bí àdí lára ọmọ tuntun,
ṣùgbọ́n má fi kan orí òkè;
bó bá gun mítà, abẹ́rẹ́ á mutí yó."
Wọ́n tẹ́ ẹ jìnnà sí páìpù, ó yí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo gbé e sọ́nà Òde.
Abẹ́rẹ́ dìde bí àgbà tó ń kúrò lórí ẹní.
Nígbà tí oyin kùn, mo ké sí Káṣìmawò: "Ogójì!"
Ó wò ó. Ó rọra ní,
"Méjìlélọ́gbọ̀n ni, Bàbá."

Nọ́ńbà ìrìn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dákẹ́.
Òru tí mo gbé ìyá Rísì lọ ọsibítù kò sí nínú rẹ̀,
àlọ nìkan kọ́, àbọ̀ pẹ̀lú.
Òṣífẹ̀sọ̀ ní òun lè yí i síwájú.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Káṣìmawò bi mí: "Mélòó lọkọ̀ yìí ti rìn?"
Mo nàka sí nọ́ńbà.
"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."