Iṣẹ́ Tí A Rán Ìlẹ̀kẹ̀

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ní Talcahuano,
kùrukùru òkun ṣì fẹnu lé gíláàsì fèrèsé.
Eleuterio Painemal na apá sí mi.
Kíréènì ló ń wà ní èbúté;
ọwọ́ tó ń gbé àpótí irin bí ẹni gbé abọ́ omi
òun náà ló ń gbọ̀n lórí tábìlì mi yìí.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi á sọ ọ́?"
"Á sọ kí ni?"
"Pé bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi tí mo bá ń sùn."

N kò dáhùn. Mo ti ri ìgò náà sínú yìnyín.
Ìránṣẹ́ tí mo ń wá nínú rẹ kì í pẹ́ kú, Eleuterio.
Bí mo bá dúró kí Yasna lẹ́nu ọ̀nà,
bí mo bá bèèrè ọmọ, bèèrè ìyá,
okùn rẹ̀ á ti já,
òfìfo ni n ó máa wọ̀n.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.
Lóru tí ilẹ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ ìlú yìí,
kí o tó mọ̀ pé o ti dìde,
ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ ti sín ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlélógójì,
ó ní, Sáré.
Kò sáré jìnnà. Ẹ̀yìn ojú ló yà sí,
ọ̀dọ̀ kókó kan tí kò ju ẹ̀wà lọ.
Ẹ̀wà kò bèèrè ta ló kú.
Ó gé tirẹ̀, mọ́kàndínlógójì,
ó jù ú sínú odò ẹ̀jẹ̀,
ó dọ̀dọ̀ àwọn tó dé bí fìlà lórí kíndìnrín,
làwọn yẹn bá ń lu ilẹ̀kùn kiri:
Ẹ̀dọ̀, kó ṣúgà síta!
Ikùn, fi oúnjẹ sílẹ̀ ná!

Bẹ́ẹ̀ lo ṣe gbé Ailín, ọmọ ọmọ rẹ, sáyà
tí o fi gun òkè kí omi tó dé.
Ẹsẹ̀ lásán, lórí àfọ́kù ìgò.
Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ lo tó rí ẹ̀jẹ̀,
nítorí lára okùn kan náà tí ẹ̀wà ti gé ìránṣẹ́
ló ti gé èkejì, èyí tí ń di ìrora lẹ́nu.

Ó yẹ kí èsì padà sílé.
Kọ́tísọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ níí gòkè tọ ọpọlọ lọ,
á ní, A ti gbọ́. Ó tó.
Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù:
ilẹ̀ ló rán ọ,
ilẹ̀ kò sì tíì pè ọ́ padà.
Ọkọ̀ ńlá kọjá, o dìde.
Ife dún lórí àwo,
o ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ailín jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.
Ó wọlé, ó fi orí ti èjìká rẹ, kò sọ nǹkan kan.
Ọwọ́ rẹ rọ̀.
Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án péré nìyẹn, bóyá,
ìwé tí dókítà kọ kò bèèrè rẹ̀,
n kò ní ìgò fún un.

Yìnyín ti ń yọ́. Mo gbé e, mo sáré.
Nílé tèmi, báàgì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
omi, tọ́ọ̀ṣì, ìwé ìbí àwọn ọmọ.
Ọdọọdún ni mo ń pààrọ̀ bátìrì.