Kí O Tó Di Ẹrù Rẹ, Mọ́rótì

Ọkun o, Mọ́rótì.
Gbé àpótí yẹn sílẹ̀ ná. Ta ní ń wọ́ àpótí lọ sí pápá?
Táyà rẹ̀ ò ní yí nínú ẹrẹ̀.
Mo fa tèmi bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ dé ọjà,
àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ń wò mí.
Àpò ẹ̀yìn ni kí o mú, èyí tí o lè gbé
láti ẹnu ọ̀nà yìí dé etí odò Ọ̀yì
láì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

O ní ìgbà ooru wọn ni, pé oòrùn yóò ràn.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí fún èmi náà.
Oòrùn ràn ní aago mẹ́wàá.
Nígbà tó di ọ̀sán òjò dé, mànàmáná ò tilẹ̀ kọ,
òjò tín-ínrín, tútù, tí kò ní in lọ́kàn láti dá,
kì í ṣe irú tiwa tí ń ti orí òkè sáré wọ Ìsánlú,
tí yóò pariwo, tí yóò lu páànù, tí yóò bá tirẹ̀ lọ.
Mú bàtà rọ́bà tí o fi ń lọ sóko kaṣú.
Má tijú rẹ̀: ọmọ olówó pàápàá ń wọ̀ ọ́ níbẹ̀.
Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní mẹ́fà.
Kó wọn sínú ọ̀rá, kí o so ọ̀rá náà lẹ́nu.

Tíkẹ́ẹ̀tì inú fóònù dára, ṣùgbọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.
Fóònù kì í kú lọ́jọ́ tí a ò nílò rẹ̀.
Ya fọ́tò ìwé ìrìnnà rẹ, fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ìyá wa,
òun kì í sọ nǹkan nù.

Gaàrí ńkọ́? Fi gaàrí sílẹ̀.
Aṣọ́bodè tú tèmi, ó ní ìyẹ̀fun kí nìyí.
Mo bù ú sẹ́nu kí ó lè rí i.
Ó tún bi mí.

O ń rẹ́rìn-ín nítorí mo ní kí o ra èdídí etí,
pé ta ní ń dí etí lọ síbi orin.
Ẹ̀rọ wọn yóò lu ọ́ láyà kí etí tó gbọ́.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni etí mi fi ń hó bí ìkòkò.
Ìgò omi, kí ó ṣófo ni o fi máa wọlé,
ẹ̀rọ omi wà nínú.
Ìwọ àti Jẹ́mímà, ẹ yan ibi ìpàdé kí èrò tó pọ̀.
Ẹ má yan abẹ́ àsíá.
Àsíá ń rìn níbẹ̀, ènìyàn ló ń gbé e kiri.

Èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí:
lóru ọjọ́ kejì, n kò rí àgọ́ mi.
Ẹgbẹ̀rún àgọ́, gbogbo wọn tútù bí ewé,
bí ẹni pé ìsọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti rà á.
Èmi tí mo ń sùn lábà bàbá wa láti kékeré,
tí n kò ṣìnà nínú igbó rí,
mo ń na ọwọ́ sí àgọ́ olówó-àgọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyá wa ń bó ẹ̀gúsí láti àárọ̀, kò dá sí ọ̀rọ̀ wa.
Ó dìde. Ó wọlé. Ó jáde pẹ̀lú sáàsì
àti aṣọ Ògìdì tó fi pọ̀n ọ́,
ó gé etí rẹ̀, pupa, ó gùn tó apá.
"So ó mọ́ orí àgọ́ rẹ," ó ní.
Ó jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí lọ.

Obìnrin tí kò kọjá Lọ́kọ́ja rí.
Èmi tí mo lọ, tí mo bọ̀, n kò rò ó.

Kọ ọ́ sókè ìwé rẹ, ṣáájú ìbọ̀sẹ̀.
Kí o sì mú tíṣù. Mú un dáadáa.
N kò fẹ́ sọ ìtàn ìyẹn níwájú ìyá wa.