Ọwọ́ Ilẹ̀kùn

Ta ló ń bọ èèyàn lọ́wọ́ jù ní Kétu?
Kì í ṣe baálé, kì í ṣe aṣòfin tó ń wá ìbò.
Ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn wa ni,
irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀.
Kò wẹ ọwọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án mọ́gi.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mò ń nù ún.
Láàárọ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó dé,
màá po jafẹ́ẹ̀lì mọ́ omi kànga, á ta mí nímú,
màá fún àkísà, màá kí i:
"Ẹ kú ojúmọ́ o. Ta lẹ bọ̀ lọ́wọ́ lánàá?"

Kì í fèsì, àmọ́ mo wà níbẹ̀, mo rí wọn:
ìyá tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ya ìgbẹ́ gbuuru,
géńdé tó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ikọ́
tó tún fi àtẹ́lẹwọ́ náà ṣílẹ̀kùn,
ọmọléèwé tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ikun.
Oníkálukú bun irin yìí ní nǹkan.
Ẹ̀bùn náà ò láwọ̀, kò rùn.
Erùpẹ̀ pupa tó ń kùn wá lẹ́sẹ̀ sàn jù ú lọ,
òun a máa jẹ́ ká rí òun.

Ọjọ́ kan, òjò ṣú. Mo ní àgbàdo tí mo sá sílé.
Mo ju àkísà sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà Gàníyù.
Mo kó àgbàdo tán, mo ṣẹ́ àkàrà
sẹ́nu Laríìsì, ọmọ ọmọ mi.
Òru mẹ́ta ló fi sùn lórí itan mi.
N ò lè búra pé ọwọ́ mi ni.
N ò sì lè búra pé kì í ṣe ọwọ́ mi.

Ó yè.
Mo fọ bídọ́ọ̀nù epo kan, mo de ẹ̀rọ mọ́ ọn nídìí,
mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà.
Ọṣẹ àkọ́kọ́, wọ́n jí i.
Ìkejì, ewúrẹ́ Ìyá Felisité gé e jẹ.
Ìkẹta ni mo fi sínú ìbọ̀sẹ̀, mo so ó kọ́.

Bàbá Ṣéídù ní: "Ṣé ọwọ́ mi lo ní ó dọ̀tí, Rafiyátù?"
Mo kúnlẹ̀: "Ẹ̀yin kọ́, bàbá.
Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́ yẹn ni."
Ó wẹ̀ ẹ́, ó ń ráhùn, ó ní òwe ti sọ ọ́ tipẹ́,
pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́.
Òótọ́ ni, bàbá. Òwe ò kàn dárúkọ ọṣẹ ni.

Lánàá, Laríìsì tẹ̀lé mi wá síṣẹ́.
Ìhó ọṣẹ dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.
Ó fi ìgúnwọ́ tẹ irin yẹn wálẹ̀,
ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́:
"Má bínú. A ó máa kíra lókèèrè."